Bí a ṣe ń kọ́ ojú láti wọn ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nígbà tí a bá ń ya àwòrán

Bí a bá gbé ẹyin funfun kan lé orí aṣọ dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí a sì ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán yíyà yà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò fi ẹyin náà sílẹ̀ ní funfun gẹ́gẹ́ bí bébà ṣe wà, yóò kun aṣọ náà ní dúdú kirikiri, yóò sì wá fi àwọ̀ eérú díẹ̀díẹ̀ sí abẹ́ ẹyin kí ó má baà dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Àwòrán náà yóò jọ ohun tí a fi sísọ́ọ̀sì gé tí a sì lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ni ó ṣẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Orúkọ nǹkan ni ó yà. Ó ti mọ̀ pé ẹyin funfun ni, ó ti mọ̀ pé aṣọ dúdú ni, ìmọ̀ yẹn sì ti dáhùn kí ojú tó wò ó rárá; bẹ́ẹ̀ ìhà ẹyin tí ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé lè ṣókùnkùn tó ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbé bọ́ sára aṣọ dúdú náà gan-an.

Ẹni tí ó ti lè fa ìlà, tí ohun tí ó bá yà sì ti ń jọ ohun tí ó wò, ṣùgbọ́n tí àwòrán rẹ̀ kò tíì ní ara, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ń pè ní value ni mo ń pè ní ìpele nínú rẹ̀: bí ibì kan ṣe mọ́lẹ̀ tó tàbí bí ó ṣe dú tó, láìka àwọ̀ rẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ so ìmọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀

Pẹ́ńsùlù mẹ́rin tó: HB, 2B, 4B àti 6B. Bí nọ́ńbà tí ó wà níwájú B bá ṣe ń ga sí i ni pẹ́ńsùlù ń rọ̀ sí i, tí ó sì ń dú sí i. Èyí tí wọ́n kọ H sí lára le, kì í sì í dú. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà kí ó lè dú, bébà ni yóò fà ya. Ẹ wá bébà tí kò dán, bíléèdì tí ẹ óò fi gbẹ́ pẹ́ńsùlù, írésà tí ó rọ̀, àti páálí ọṣẹ ìfọṣọ tàbí ti bisikíìtì, irú èyí tí inú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, nítorí a óò lò ó láìpẹ́. Pẹ́ńsùlù ní àbùkù kan tí ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá kùn ún ju bí ó ti yẹ lọ, ojú ibẹ̀ yóò máa dán, ibi tí ó yẹ kí ó ṣókùnkùn jù lọ yóò wá máa tàn lójú ẹni tí ó bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èédú kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dú ju pẹ́ńsùlù lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ọwọ́ àti aṣọ jẹ́, mo sì rò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù mọ ojú ọ̀nà ná.

Ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Bí fèrèsé méjì bá wà nínú yàrá, ẹ ta aṣọ bo ọ̀kan. Ẹ má ṣe jókòó síbi tí oòrùn ti ń wọlé tààrà, nítorí oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó ya ìdajì àwòrán, òjìji ti kúrò níbi tí ẹ bá a. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ni ẹ ń yà á, gílóòbù kan tí ó wà ní òkè díẹ̀ lápá òsì tó fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yàwòrán, kí òjìji ọwọ́ rẹ̀ má baà bọ́ sórí bébà. Bí iná bá sì lọ, tọ́ọ̀ṣì tí a gbé kalẹ̀ síbì kan sàn ju àbẹ́là lọ, nítorí iná àbẹ́là máa ń mì, òjìji náà a sì máa bá a jó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ṣe àkàbà ìpele

Ẹ fa àpótí mẹ́sàn-án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà láti 1 dé 9 sí abẹ́ wọn. Àpótí 1 ni bébà fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi 6B kun àpótí 9 títí tí kò fi lè dú ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàbà náà láti 2 lọ sí 3 lọ sí 4, nítorí ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìgbà tí dúdú rẹ̀ ń tán. Yóò dé àpótí 6 tán, yóò wá rí i pé kò sí ohun tí ó kù fún 7 àti 8. Àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ kun 5 kí ó jìnnà sí funfun bí ó ṣe jìnnà sí dúdú, kí ẹ wá kun 3 àti 7, kí ẹ tó fi 2, 4, 6 àti 8 dí àlàfo tí ó kù. Ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kùn ún, kí ìkùn kan dábùú èkejì, kí ẹ má sì fi ìka ra á, nítorí òróró ọwọ́ máa ń sọ bébà di ìdọ̀tí.

Àpótí 5 ni yóò dà yín láàmú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń ṣe é kí ó mọ́lẹ̀ jù, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí a ṣe dá ojú. Albert Munsell, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà kan, to ìpele láti 0 tí í ṣe dúdú pátápátá dé 10 tí í ṣe funfun pátápátá, ní òdìkejì tiwa. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn àkàbà rẹ̀, 5 tí ojú ń pè ní agbedeméjì kì í dá ìdajì ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé e padà; bí ìdá kan nínú márùn-ún péré ni ó ń dá padà. Bẹ́ẹ̀, ìkùn àkọ́kọ́ lórí bébà funfun máa ń hàn gbangba, ìkùn kẹwàá kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí nǹkan kan padà lójú. Àwọn ìyá aláró mọ èyí dáadáa: ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá rẹ aṣọ funfun sínú aró ni gbogbo ènìyàn ń rí ìyípadà rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti rẹ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, aláró nìkan ni ó kù tí ó lè sọ pé èyí ti dú ju ti àná lọ.

Láti yẹ àkàbà yín wò, ẹ gbé e jìnnà sí ojú, kí ẹ fún ojú pọ̀ bí ẹni tí oòrùn ń ta lójú. Bí 4 àti 5 bá parapọ̀ di ọ̀kan, tí ààlà 5 àti 6 sì dúró gedegbe bí ìtẹ̀sẹ̀ tí ó ga jù, ẹ ti mọ ibi tí àtúnṣe wà. Nígbà tí ó bá gún, ẹ lu ihò kékeré kan sí àárín àpótí kọ̀ọ̀kan. Inú ihò yìí ni ẹ óò máa yọjú wo ohun tí ẹ fẹ́ yà, àpótí tí ohun náà bá sì parẹ́ sínú rẹ̀ ni ìpele rẹ̀. Ìṣọ́ra kan wà níbẹ̀ o: ìmọ́lẹ̀ tí ó ń bọ́ sára ohun náà gbọ́dọ̀ bọ́ sára àkàbà náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kọjú sí fèrèsé, tí ó wá na àkàbà sókè níwájú ara rẹ̀, ẹ̀yìn àkàbà ni fèrèsé ń tàn sí. Àpótí 1 rẹ̀ ti di eérú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn nǹkan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fún ojú, kí ẹ má sì tẹjú mọ́ inú òkùnkùn

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, fífún ojú ni owó kò rà tí ó sì wúlò jù. Bí ẹ bá fún ojú títí tí ìpéǹpéjú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yóò parẹ́, àwọn ibi ńláńlá tí ó mọ́lẹ̀ àti àwọn tí ó ṣókùnkùn nìkan ni yóò kù. Ohun tí ó bá parapọ̀ lójú yín ní àkókò náà, ẹ jẹ́ kí ó parapọ̀ lórí bébà.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa wo apá òkùnkùn lọ́tọ̀, kí a tẹjú mọ́ ọn. Ẹ rántí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ lójijì lálẹ́: ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ẹ kò rí nǹkan kan, láìpẹ́ ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àga, ẹ ó rí tábìlì, ẹ ó tilẹ̀ rí ṣíbí tí ó wà nínú àwo. Yàrá kò mọ́lẹ̀ sí i. Ojú ni ó ṣí sílẹ̀ fún òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òjìji ṣe máa ń mọ́lẹ̀ sí i bí ẹ bá ti ń wò ó pẹ́, tí ẹ óò sì máa rí oríṣiríṣi nǹkan nínú rẹ̀, tí ẹ óò yà gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, tí òjìji náà kò sì ní jọ òjìji mọ́. Ẹ gbé ojú yín sí apá ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wá wo òjìji láti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi páálí alihò méjì gba orúkọ lára nǹkan

Ẹ gé páálí aláwọ̀ eérú náà kí ó tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì lu ihò kékeré méjì sí i, kí ààrin wọn tó ìka mẹ́ta. Ẹ di ojú kan, kí ẹ fi ojú kejì wò ó, kí ihò kan wà lórí ìhà òkùnkùn ẹyin, kí èkejì wà lórí aṣọ dúdú níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá a. Nínú ihò yẹn, kò sí ẹyin, kò sí aṣọ. Àmì eérú méjì ni ó wà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ óò sì bi ara yín: èwo nínú méjèèjì ni ó dú jù? Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rò pé mo gbé páálí náà sí ibi tí kò yẹ ni. Mo gbé e kúrò, mo tún gbé e padà, bákan náà ni wọ́n rí.

Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ojú ń tàn jẹ báyìí. Michel Eugène Chevreul ni ó ń ṣe àbójútó pípa òwú láró ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gobelins ní Paris, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ráhùn pé òwú dúdú wọn kò dú tó. Ó yẹ aró náà wò, kò rí ẹ̀bi kan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àwọ̀ tí wọ́n hun mọ́ ẹ̀gbẹ́ dúdú náà ni ó ń pa á lójú, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1839. Ìyá aláró tí oníbàárà ti bá jà rí nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí yóò káàánú rẹ̀. Ní 1995, Edward Adelson ti ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ya pátákó dráàfù kan tí òjìji bọ́ sí apá kan rẹ̀: àpótí dúdú kan tí ó wà níta òjìji àti àpótí funfun kan tí ó wà nínú òjìji jẹ́ eérú kan náà gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbà á gbọ́ àfi bí a bá bo gbogbo ìyókù. Mímọ̀ pé irọ́ ni kì í sì í mú kí ojú dẹ́kun irọ́ náà. Ìdí nìyí tí a kò fi lè ju páálí nù, bó ti wù kí a pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pín ẹyin sí ilé méjì

Ẹ ya ẹyin náà ní kékeré, kí ó má ju ìbú ìka mẹ́rin lọ. Kí ẹ tó kun ohunkóhun, ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti parí lára rẹ̀, níbi tí ara ẹyin ti yí kúrò lójú fèrèsé, kí ẹ sì fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ìlà yìí pín gbogbo nǹkan sí ilé méjì, ilé ìmọ́lẹ̀ àti ilé òkùnkùn. Fún ohun kan náà tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù nínú ilé òkùnkùn gbọ́dọ̀ dú ju ibi tí ó dú jù nínú ilé ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi ìpele mẹ́ta péré kọ́kọ́ yà á: bébà fún ìmọ́lẹ̀ ẹyin, 6 fún gbogbo ìhà òkùnkùn ẹyin àti aṣọ tí ó wà nínú ìmọ́lẹ̀, 9 fún òjìji tí ẹyin dá sórí aṣọ. Ó lè dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jọ ẹyin pẹ̀lú mẹ́ta yìí, kò sí ohun tí yóò bà á jẹ́ mọ́ àfi ìkánjú.

Ẹ wá lè bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí wẹ́wẹ́. Lórí ẹyin tí mo ń lò fún ìdánrawò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà lé tààrà wà ní 1, ó bọ́ sí 2 àti 3 bí ara ẹyin ṣe ń yí, ó dé 4 létí ìlà, ó sì já lulẹ̀ sí 7 lẹ́yìn ìlà náà. Aṣọ dúdú nínú ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 7. Nítorí náà, ní apá kan, kò sí ààlà kankan láàrin ẹyin àti aṣọ. Wọ́n wọ inú ara wọn. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń bẹ̀rù, tí yóò fa ìlà dúdú kí ẹyin má baà sọnù. Ẹ jẹ́ kí ó sọnù. Ẹni tí yóò wo àwòrán náà yóò fi ojú ara rẹ̀ parí rẹ̀.

Ẹ yọ aṣọ dúdú náà kúrò wàyí, kí ẹ fi aṣọ funfun rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má sì gbé ẹyin kúrò lójú kan. Abẹ́ ẹyin tí ó wà ní 7 yóò mọ́lẹ̀ lójijì, nítorí aṣọ funfun ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sí i láti ìsàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìtapadà yìí rẹwà, ẹwà rẹ̀ sì ni ó ń kó bá ènìyàn, nítorí ojú máa ń pè é ní 2 tàbí 3. Ẹ fi páálí wò ó: 5 ni, bóyá 6. Bí ẹ bá yà á kí ó mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin yóò dà bí ìgò tí a tan iná sí nínú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọ̀ àti fóònù

Ẹ to ata rodo pupa, ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó ti pọ́n àti ewé ẹ̀fọ́ kan jọ. Pupa máa ń pariwo lójú, nítorí náà a máa ń rò pé ó mọ́lẹ̀; bẹ́ẹ̀ ata pupa àti ewé ẹ̀fọ́ lè wà ní ìpele kan náà, kí ọsàn nìkan mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ kọ iye tí ẹ rò sílẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò wọn, kí ẹ wá sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ kọ. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo fọ́tò, nítorí ojú tí a bá ti fún ní ìdáhùn kì í wá a mọ́. Fóònù náà kì í ṣe adájọ́ pípé: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí inú òjìji fúnra rẹ̀ kí fọ́tò lè dára lójú, nípa bẹ́ẹ̀ òjìji inú fọ́tò lè mọ́lẹ̀ ju ti òótọ́ lọ.

Ṣíṣe àdàkọ fọ́tò dúdú àti funfun láti inú ìwé ìròyìn dára fún ẹni tí kò ráyè to nǹkan kalẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, tí ó wá di ògbóǹtarìgì nínú yíya ojú ènìyàn, àdàkọ àwòrán inú ìwé ni ó fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó wà ní kékeré.

Ìgbésẹ̀ keje: ojú ènìyàn dúdú

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ gba owó iṣẹ́, obìnrin kan gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá kí n yà á. Màmá náà wọ léèsì funfun, ó wé gèlè funfun, ó dúró sí ìta ní ọ̀sán, ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Mo fi gèlè sílẹ̀ ní funfun bí bébà, mo sì kun ojú màmá ní 8 látòkè délẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni. Obìnrin náà wò ó títí, ó ní, “Bọ̀dá, aṣọ màmá mi ni ẹ yà, ẹ ò ya màmá.” N kò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí mo fi páálí wo fọ́tò náà, iwájú gèlè tí ó wà nínú òjìji jẹ́ 4, etí gèlè tí oòrùn ràn sí lẹ́yìn nìkan ni 1. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá àti orí imú rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bọ́ sí, jẹ́ 4 pẹ̀lú. Awọ dúdú máa ń dán, ó ń gba ìmọ́lẹ̀, ó sì ń dá a padà, tí ìpele rẹ̀ fi lè bẹ̀rẹ̀ láti 3 dé 9 lójú ẹnìkan ṣoṣo; ẹni tí ó bá kùn ún ní ìpele kan ti ju gbogbo ọrọ̀ yẹn nù. Ẹ fi 6 ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ojú, kí ẹ lọ sí 8 fún abẹ́ àgbọ̀n, ihò imú àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí ẹ sì fi írésà gbé ibi tí ó ń dán sókè díẹ̀díẹ̀. Funfun ẹyinjú kì í ṣe funfun, nítorí ìpéǹpéjú ń ṣíji bò ó: 4 tàbí 5 ni ó sábà máa ń jẹ́. Eyín náà kò yàtọ̀. Bí ẹ bá fi bébà sílẹ̀ fún wọn, ẹni náà yóò dà bí egúngún tí ó fẹ́ lé ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: yíyẹ àwòrán wò

Yàtọ̀ sí ti ìpele mẹ́ta tí a kọ́kọ́ fi ya ẹyin, ẹ fi 9 pamọ́ di ìparí, kí ẹ má sì lò ó ju ibi méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ gbé àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ yà, kí ẹ rìn sẹ́yìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, kí ẹ fún ojú, kí ẹ máa fi ọ̀kan wé èkejì. Lẹ́yìn èyí, ẹ dorí rẹ̀ kodò, tàbí kí ẹ wò ó nínú dígí, nítorí ìpele tí kò tọ̀nà kò ní ibi tí yóò sá pamọ́ sí nígbà tí orúkọ nǹkan kò bá hàn mọ́. Bí ojú bá ti rẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ibi tí ó bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ fi 2B kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò ó kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ibi tí ó bá dú jù, ẹ tẹ írésà lé e, kí ẹ gbé e sókè, ẹ má ṣe fà á.